Ọkọ̀ Ìgbòkun àti Ìdákọ̀ró lórí Ọ̀sà: Ìtàn Ọ̀nà Omi Àwọn Ará Rẹ́mọ

Ìfáárà

Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ọkọ̀ ìgbòkun àti erékùṣù lóde òní, ohun tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ara wọn ṣe fàájì káàkiri àwọn erékùṣù òkun Kàríbíà. Wọ́n á ta ìgbòkun ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá ibi tí omi kò ti jìn, wọn á sì ju ìdákọ̀ró síbẹ̀. Ìmọ̀ tí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń béèrè kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Atukọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìrìn afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ mọ ìsàlẹ̀ omi, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni èbúté tí ó fẹ́ gúnlẹ̀ sí. Ọ̀ràn ẹ̀kẹta yìí, ta ni ó ni èbúté, ni ó da ilẹ̀ Rẹ́mọ rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ó lè ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé wọ́n ka Rẹ́mọ mọ́ ìtàn omi. Inú igbó ni Ṣágámù wà, inú igbó ni Ìkẹ́nnẹ́ náà wà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ ilẹ̀ náà mọ́ obì àti ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n láti Ṣágámù dé Ìkòròdú kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ, etí ọ̀sà ní ìhà àríwá ni Ìkòròdú sì wà. Ìtàn ẹnu sọ pé ọmọ ilé Akárígbò tí ń jẹ́ Ọ̀gá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Kọ́gà, ló tẹ ibẹ̀ dó, àti pé láti ara Oko Odù ni orúkọ ìlú náà ti jáde. Ohun yòówù kí òtítọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ náà jẹ́, Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà Rẹ́mọ sí omi. Epo pupa àti ẹkùrọ́ tí ó bá ti Ìkẹ́nnẹ́ gba Ṣágámù wá, orí ni wọ́n fi ń rù ú dé èbúté. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ló kù.

Omi àti Afẹ́fẹ́

Ọ̀sà Èkó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Níbi púpọ̀, omi rẹ̀ kò tó mítà 3, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló sì wà nísàlẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó wúlò níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ igi gbígbẹ́ tí kò rì wọ omi púpọ̀ jọba. Ọ̀pá gígùn ni atukọ̀ fi ń ti ọkọ̀ níbi tí ọ̀pá bá ti lè kanlẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá kanlẹ̀ mọ́, àjẹ̀ ló kàn. Ọ̀pá yìí kan náà ni ìdákọ̀ró rẹ̀. Yóò gún un wọ inú ẹrẹ̀, yóò fi okùn so ọkọ̀ mọ́ ọn, yóò sì sùn. Ìdákọ̀ró onírin kò ṣe pàtàkì níbi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìgbòkun, ó yẹ kí olùkọ́ fi àwòrán ilẹ̀ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó bá ń kọ́ ọ. Láti erékùṣù Èkó, ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn ni Ìkòròdú wà, nǹkan bíi kìlómítà 20. Afẹ́fẹ́ tí ó sì ń fẹ́ jù ní àgbègbè náà láti ọdún dé ọdún, láti orí òkun ní gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó bá ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìkòròdú, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ wà. Ìyẹn ni yóò ta ẹní tàbí aṣọ rírán gẹ́gẹ́ bí ìgbòkun, tí yóò jókòó jẹ́ẹ́, tí iyọ̀, aṣọ òkè òkun àti ìbọn inú ọkọ̀ yóò sì máa rìn lọ. Ẹni tí ó kó epo láti Ìkòròdú lọ sí Èkó ni ìyà ń jẹ. Ó dojú kọ afẹ́fẹ́, ẹrù rẹ̀ sì wúwo. Òru tàbí ìdájí, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá rọlẹ̀, ló dára fún un jù. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti òkè Ọya wá, ni ìgbòkun máa ń ṣe é lóore.

Bí ọ̀sà ti rọrùn tó yìí, ẹnu rẹ̀ sí òkun kò rọrùn rárá. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi tó wà níbẹ̀ ti fọ́ ọkọ̀ púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta mọ odi wọ inú òkun láti tún ẹnu ọ̀nà náà ṣe, ó sì di 1914 kí ọkọ̀ òkun ńlá tó lè wọlé dáadáa.

Ogun Èbúté

Ní oṣù kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó. Ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lórí ọ̀sà kan náà, ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ń da Èkó láàmú láti ibẹ̀ títí wọ́n fi bá a ṣe àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án 1854. Ẹ̀kọ́ tí ìjọba Èkó rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní èbúté àti ọkọ̀, bí kò tilẹ̀ ní ìlú ńlá, kò ṣeé fojú di.

Ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ Rẹ́mọ lẹ́yìn tí Ìjàyè fọ́ ní 1862. Ìbàdàn ń wá ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti etí òkun. Ẹ̀gbá di ọ̀nà tirẹ̀. Ìjẹ̀bú Òde kò sì fẹ́ kí àlejò kankan kọjá ọjà òun. Ọ̀nà tó kù ni ti Rẹ́mọ, láti Ìkòròdú wọ inú igbó. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ogun ṣe ṣí wá sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, tí Mákùn fojú winá rẹ̀. Àwọn ará Rẹ́mọ fúnra wọn kò sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ogun náà. Kò yẹ kí olùkọ́ fi èyí pamọ́. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbá lọ dó ti Ìkòròdú. Bí èbúté náà bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, gbogbo ẹrù tó bá ń lọ sókè yóò gba abẹ́ wọn kọjá.

John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ló ń darí Èkó nígbà náà. Ó kó ọmọ ogun sọdá ọ̀sà, wọ́n sì lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ẹ̀yìn odi Ìkòròdú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865. Àwọn kan ti kọ ọ́ bí ẹni pé ìfẹ́ Rẹ́mọ ló mú un ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà Èkó ni ó ń gbà là. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, nígbà tí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú tún dí, Gólóbà kan náà ló ti ọ̀nà Oǹdó lẹ́yìn, èyí tí ń gba ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn jìnnà kó tó wọ ilẹ̀, tí kò sì kan Rẹ́mọ rárá.

Rẹ́mọ ti ṣí kúrò ní ibùdó àtijọ́ kí ìyẹn tó tán. Ní 1872, àwọn ìlú tí ogun ti dà láàmú kó ara wọn jọ sí ojú kan. 13 ni wọ́n ń kà wọ́n, àkójọ wọn ló di Ṣágámù. Wọ́n ní odi báyìí, wọ́n ní Akárígbò láàrin wọn, èbúté wọn sì wà ní Ìkòròdú.

Èbúté náà ni kò dúró. Ní oṣù karùn-ún 1892, ọ̀sà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n. Ìjẹ̀bú ti fi oníbodè ṣọ́ gbogbo ọ̀nà ilẹ̀. Ojú omi ni ọ̀tá gbà wọlé. Ní 1894, Akárígbò Oyèbájò bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn, Ìkòròdú sì bọ́ sábẹ́ ìṣàkóso Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ló gbà kọjá, ẹrù òkè kò sì nílò ọ̀sà mọ́. Rẹ́mọ gba ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú Òde ní òpin àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n èbúté kò bá a padà wálé. Ìpínlẹ̀ Èkó ni Ìkòròdú wà láti 1967. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ wà láti 1976. Ààlà ìpínlẹ̀ ti gba àárín ọ̀nà èbúté kọjá.

Ìgbòkun lẹ́yìn Òwò

Ní 1932, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré sílẹ̀ ní Èkó. Ìgbà ìjọba amúnisìn ni, omi tí wọ́n sì ń ṣeré lórí rẹ̀ ni omi tí àwọn atukọ̀ ti fi jẹun fún ìgbà pípẹ́. Ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń kó èrò lọ sí Èkó lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba orí afárá gígùn orí ọ̀sà kọjá lè rí àwọn ọkọ̀ igi ńlá àwọn tí ń wa iyanrìn. Àpò tí wọ́n rán pọ̀ ni ìgbòkun wọn. Níbi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ ọ̀pá, ẹnìkan á rì sísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa. Nígbà tí ọkọ̀ bá kún débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó létí, wọ́n á dúró de afẹ́fẹ́ òkun, wọ́n á ta àpò náà, wọ́n á sì kọrí sí èbúté.