Ìràwọ̀ tí ó ń tú Ìkùukùu Ká

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ojú ọ̀run bá mọ́ ní òru oṣù Ṣẹẹrẹ, a óò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn Lárúbáwá kà wọ́n sí ìgbànú Al-Jabbar. (Òmìrán ni ìtumọ̀ orúkọ náà níhìn-ín o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́.) Ní apá gúúsù ìgbànú yìí ni ohun kan wà tí ó rí bàìbàì bí èéfín.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé kò sí ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣáájú wa kò kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Abdur-Rahman As-Sufi, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, kọ ìwé ńlá lórí ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọdún 964. Ó mẹ́nu ba ìkùukùu kékeré tí ó wà ní Andromeda, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ti Al-Jabbar. Èyí kò bu iyì rẹ̀ kù rárá. Galileo tí ó ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, òun náà fò ó dá nínú ìwé rẹ̀ ti 1610. Ọdún náà gan-an ni Peiresc rí i ní ilẹ̀ Faransé. Huygens ya àwòrán rẹ̀ ní 1656. Lẹ́yìn 200 ọdún, Huggins yẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé gáàsì ni.

Kí ni ó wá ń mú gáàsì tàn? Ìràwọ̀ mẹ́rin ṣù jọ ní àárín rẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 30. Ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò lè rí ni ó ń fọ́ háídírójìn sí wẹ́wẹ́, tí ó fi gbóná tí ó sì ń tàn. Ní 1939, Strömgren ṣe ìṣirò bí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ṣe lè ràn jìnnà tó.

Ṣùgbọ́n ìtànṣán nìkan kọ́. Ìràwọ̀ náà ń fẹ́ atẹ́gùn líle jáde lára. Àwọn onímọ̀ lo SOFIA, ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé awò (ó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní 2022), wọ́n sì kéde ní 2019 pé atẹ́gùn yìí ń ti gáàsì àti eruku síwájú bí ìgbá ìfọ́, kìlómítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú ìkùukùu yìí ni wọ́n bí ìràwọ̀ náà sí, òun kan náà ni ó sì ń tú u ká, tí gáàsì tí ìràwọ̀ mìíràn ìbá fi di ẹ̀dá ń sá lọ. Apá ọ̀dọ̀ tiwa ni ògiri ìkùukùu náà ti ya, ihò yẹn ni ojú wa sì ń gbà wọ inú rẹ̀.