Ẹ̀fúùfù Ìràwọ̀ àti Ìkùukùu Orion

Ìkùukùu Orion jẹ́ agbo gáàsì àti eruku tó ń tàn lójú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rìn fún nǹkan bí ọdún 1,300 kó tó dé ayé. Lálẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ, bí eruku ọyẹ́ bá ká kúrò lójú sánmà Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ojú lásán lè rí i bí àbàwọ́n funfun nítòsí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ìtànṣán ìràwọ̀ ńlá àárín rẹ̀, Theta¹ Orionis C, ló ń mú gáàsì náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀fúùfù ìràwọ̀ yìí, ìyẹn gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀, ń sáré ju 1,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti gbá gáàsì sẹ́yìn, ó sì ti gbẹ́ ihò ràgàjì síbẹ̀. Níbi tí ẹ̀fúùfù LL Orionis, ìràwọ̀ ọ̀dọ́, ti pàdé gáàsì tó ń ṣàn láti àárín, gáàsì náà tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ.