Pípa Ẹṣin Eré-Ìje Tó Farapa

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá ó tọ́ kí a pa ẹṣin tó kán lẹ́sẹ̀ kí ìrora rẹ̀ lè dópin. Láti 1972 ni wọ́n ti sọ pápá eré ẹṣin Èkó di Gbàgede Tafawa Balewa; lónìí, ẹṣin pólò Ìkòyí àtàwọn tó ń gbé àlejò kiri létíkun Ẹlẹ́gúṣì ní Lẹ́kkí ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹṣin lè wọ̀n tó 500 kìlógíráàmù. Ẹran kò sí ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà eegun tó fọ́ kì í tètè jinná. Kò lè dùbúlẹ̀ pẹ́ bí ènìyàn. Bó bá gbé ara lé ẹsẹ̀ tó kù, pátákò ìyẹn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára eegun. Bó ṣe rí fún Barbaro, ẹṣin eré-ìje kan ní Amẹ́ríkà, nìyẹn: ó kán lẹ́sẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2006, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju oṣù mẹ́jọ lọ, síbẹ̀ wọ́n pa á ní oṣù Kìíní 2007. Ní ti Eight Belles, ẹṣin eré-ìje mìíràn, orí pápá ni wọ́n ti pa á ní 2008.

Owó ló mú ọ̀rọ̀ yìí le. Ẹṣin tó lè yè, àmọ́ tí kò ní lè sáré mọ́, kò yẹ kó kú torí pé bíbọ́ ọ ti di ìnáwó. Dókítà ẹranko ló yẹ kó sọ bóyá ìwòsàn ṣì wà. Bí kò bá sí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́.