Ohùn Àti Ẹnu: Ìtàn Bí Sinimá Yorùbá Ṣe Rí Ohùn Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kan tí mo jókòó nínú yàrá kékeré kan ní Bàrígà, tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń bá àwa akẹ́kọ̀ọ́ to eré wa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ṣómólú àti Bàrígà mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ní Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ró láti àárọ̀ di alẹ́; ní Bàrígà, jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ojúlé dé ojúlé, bí ti alágbàfọ̀ ti ń dákẹ́ ni ti onígbàjámọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú ariwo yìí ni a ti ya eré náà. Fóònù ni ó ya àwòrán, ẹ̀rọ kékeré mìíràn ni ó gba ohùn. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ẹnu òṣèré àti ohùn rẹ̀ ń rìn pọ̀. Nígbà tí yóò fi di ogójì ìṣẹ́jú, òṣèré ti pa ẹnu dé, ohùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Àwa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe bàbá nínú eré kò rẹ́rìn-ín, nítorí ibi tí ó ti ń sunkún ọmọ rẹ̀ gan-an ni a ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe é. Ohun tí mo rí ni pé ohùn àti àwòrán kì í ṣe ọmọ ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjèjì méjì ni wọ́n. Ènìyàn ni ó ń so wọ́n pọ̀, olúkúlùkù ìran sì ní ọ̀nà tí ó gbà so wọ́n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó, ní Glover Memorial Hall. Àwòrán ọjọ́ náà yadi. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọdún 1927 ni The Jazz Singer jáde, tí ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí retí pé kí àwòrán máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, ọkọ̀ sinimá bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ìlú dé ìlú. Fíìmù náà kò gbọ́ èdè wa, nítorí náà ògbufọ̀ a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, a mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, a sì máa sọ ohun tí àwòrán ń ṣe fún àwọn ènìyàn ní èdè wọn. Lójú tèmi, irú ògbufọ̀ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú ohùn Yorùbá bá àwòrán mu. Ojú rẹ̀ ni aago rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọdún 1976 ni sinimá fi ahọ́n Yorùbá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, tí Adé Fọláyan àti Dúró Ládiípọ̀ sì kópa nínú rẹ̀. Ayé ti Hubert Ògúndé tẹ̀ lé e ní 1979. Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá dé ní 1982. Orí ìtàgé ni àwọn wọ̀nyí ti wá. Ògúndé ti ń kọrin, ó ti ń ṣeré láti 1944, ohùn ni ó sì fi ń kó ènìyàn jọ. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà fíìmù kò létí. Àwòrán nìkan ni ó ń gbà. Téèpù ọ̀tọ̀ ni a fi ń gba ohùn, nínú irú ẹ̀rọ bíi Nagra tí Stefan Kudelski kọ́kọ́ ṣe ní Switzerland ní 1951. Kí àwọn méjèèjì lè bára wọn pàdé, ẹnì kan a pa pátákó méjì pọ̀ níwájú kámẹ́rà: gbà! Ẹni tí ń to fíìmù a wá àwòrán ibi tí pátákó ti fẹnu kanra, a wá ibi tí ìró náà ti dún lórí téèpù, a sì so ọ̀kan mọ́ èkejì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Bí a ti tẹ ohùn sí etí fíìmù tán, kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tirẹ̀. Lára fíìmù oní-mìlímítà 16, ohùn fi àwòrán 26 ṣáájú ẹnu tí ó sọ ọ́, èyí tí ó ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ díẹ̀. Ìdí ni pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ohùn jìnnà sí ibi tí iná ti ń tan àwòrán. Bí ẹni tí ń fi sinimá hàn bá ki fíìmù sí ẹ̀rọ lọ́nà òdì, ohùn àti ẹnu ti jà nìyẹn.

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé yí padà ní 1986, tí náírà wálẹ̀, owó fíìmù ga ju apá ẹgbẹ́ eré lọ, wọ́n sì yà sí fídíò. Fídíò so ohùn àti àwòrán mọ́ téèpù kan náà, kò sì sí ẹni tí ó ń wá ibi tí pátákó ti dún mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹrù fi sílẹ̀, ẹrù mìíràn gbà á. Etí kámẹ́rà a gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kí ó tó gbọ́ òṣèré. Téèpù VHS irú èyí tí à ń lò kì í rìn ju sẹ̀ńtímítà 2.3 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì orin ń rìn 4.76, bí téèpù bá sì ti ń lọ́ra tó ni ohùn etí rẹ̀ ń ṣú tó. A tún wá ń da ọ̀kan kọ sí òmíràn, ariwo sì ń gorí ariwo. Ẹni tí ó bá wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 yóò mọ ohun tí à ń sọ: ìlù ni ó gbé ìtàn náà ró, bí ohùn ìlù bá sì dàrú, ìtàn dàrú.

Lónìí, a ti padà sí ìgbà Àjàní Ògún láìmọ̀: ẹ̀rọ kan fún ohùn, òmíràn fún àwòrán. Àléébù eré tiwa ni pé iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í dúró lójú kan. Kọ̀ǹpútà sì rò pé ó dúró. Ọkùnrin Bàrígà náà kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di 25, lẹ́yìn náà ni ó so ohùn mọ́ ọn. Ó bi wá pé, “Ẹ pàtẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò pàtẹ́wọ́ ní ìparí?” Bí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bá bára mu, ó di dandan kí àárín sún mọ́ òtítọ́.

Ó tún kìlọ̀ fún wa nípa ìgbà tí a bá ń di eré sí fáìlì. Bí a bá fi ìwọ̀n 25 sáré fíìmù tí a yà ní 24, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú yóò di 96, ohùn àgbàlagbà yóò sì tín-ín-rín. Bí ohùn tí a gbà ní ìwọ̀n 44,100 bá di èyí tí a kà ní 48,000, wákàtí kan yóò di nǹkan bí ìṣẹ́jú 55. Nínú èdè tiwa, ojú tètè ń rí àṣìṣe yìí, nítorí ètè. Ẹ sọ “Bàbá mi gbàgbé” níwájú dígí: ètè yóò pàdé nígbà márùn-ún. Ẹ sọ “Ẹ káalẹ́”: kò ní í pàdé rárá. Ibi tí b, m, p àti gb bá wà ni ó yẹ kí a ti máa yẹ iṣẹ́ wa wò.

Ti fífọ ohùn mọ́ ni ó kù. Iná mànàmáná wa ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìkùn rẹ̀ sì máa ń wọ inú ohùn. Èyí ṣeé gé. Fún ariwo yòókù, a ó gba ìdákẹ́ yàrá nìkan sílẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò fi mọ ohun tí yóò yọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ jù, òṣèré yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà lábẹ́ omi. Àwọn ìró bíi s, ṣ àti f jọ ariwo létí ẹ̀rọ, àwọn ni ó sì ń kọ́kọ́ bá a lọ. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé olè ni ó sá, òdòdó ni ó ṣá. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pe àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè sí iṣẹ́ yìí. Dúró Ládiípọ̀ ti lọ ní 1978, Ògúndé ní 1990, Adé Fọláyan ní 1996, Moses Ọláìyá ní 2018. Ohùn wọn kò lè tún ara rẹ̀ sọ. Ẹni tí ó bá ń da eré àtijọ́ kọ sí fáìlì tuntun, kí ó kọ́kọ́ pa ẹ̀dà kan mọ́ bí ó ti wà, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan èkejì. Ariwo tí a fi sílẹ̀ lónìí, ọmọ ọ̀la lè rí ẹ̀rọ tí yóò yọ ọ́. Ohùn tí a bá fọ̀ dànù, ta ni yóò dá a padà? Ẹyin ni ó wà ní ọwọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a rọra mú un.