BMJ: Ìgékúrú Tó Di Orúkọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa ka BMJ sí British Medical Journal tí wọ́n kàn gé kúrú. Jọ́nà ìṣègùn yìí ti pààrọ̀ orúkọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1840, Provincial Medical and Surgical Journal ló ń jẹ́, ó sì di agbẹnusọ fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí kì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Charles Hastings dá sílẹ̀ ní Worcester ní 1832. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbòòrò, tó di British Medical Association, jọ́nà náà kò pẹ́ tẹ̀lé e: ó di British Medical Journal ní 1857. Ẹni tó bá ka orúkọ wọ̀nyẹn mọ ẹni tí ìwé náà ń ṣojú fún. Ní 1988, wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó ku lẹ́tà mẹ́ta. Láti ìgbà náà, BMJ kì í ṣe ìgékúrú mọ́. Òun gan-an ni orúkọ.

Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Òfin ISO 4 tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti gé orúkọ jọ́nà kúrú kì í kàn ṣa lẹ́tà àkọ́kọ́ jọ. Ó ń gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níwọ̀n tí òǹkàwé ṣì fi lè dá a mọ̀. Bí New England Journal of Medicine ṣe di N Engl J Med nìyẹn, tí British Medical Journal sì di Br Med J. Lancet, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn kì í gé e rárá. Ìwádìí tí jọ́nà náà gbé jáde ní 1948 lórí streptomycin àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti èyí tí àwọn olùwádìí Doll àti Hill ṣe ní 1950 lórí sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, Br Med J ni wọ́n fi ń tọ́ka sí wọn. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn 1988, BMJ ni, nítorí kò sí ohun tó kù láti gé.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí a ò fi BMJ pe gbogbo rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé jọ́nà kan náà ni? Ó rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́kasí ni láti mú òǹkàwé dé ibi tí ìwé wà, orúkọ tó sì wà lára ìwé ọdún 1950 kì í ṣe BMJ. Nọ́ńbà ISSN tí wọ́n fi ń dá jọ́nà mọ̀ pàápàá yàtọ̀ fún orúkọ méjèèjì. Àtakò tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni pé lẹ́tà mẹ́ta kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kì í ṣe dókítà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo JAMA, jọ́nà ìṣègùn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí òun náà ti di orúkọ tí àwọn jọ́nà mìíràn ń jẹ́ mọ́ tiwọn: láti 2013 ni Archives of Internal Medicine ti ń jẹ́ JAMA Internal Medicine. Ẹni tó bá tú JAMA síbẹ̀ ní kíkún yóò kàn ṣẹ̀dá orúkọ tí kò sí jọ́nà kankan tó ń jẹ́ ẹ. BMJ náà bí BMJ Open ní 2011. Nígbà tó di 2014, òun fúnra rẹ̀ fi The síwájú, ó di The BMJ.