Ìtàn tata àti ewé Akíntọ́lá nínú oko ẹ̀gẹ́ wa

Ẹ̀ẹ̀rùn kì í kọjá l'Ádó àti agbègbè rẹ̀ ká má gbọ́ ẹjọ́ kan náà: tata jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, ó tún bó èèpo igi rẹ̀. Igi tí a fẹ́ gbìn bàjẹ́, gàrí sì gbówó lórí l'Ọ́jà Ọba.

Tata tí à ń wí ni aláwọ̀ ewé tó ní yẹ́lò àti dúdú lára, tó máa ń rùn béèyàn bá mú un. Ojú ọjọ́ tó ń yí padà ń gbé ọ̀pọ̀ kòkòrò dé ibi tí wọn kì í dé tẹ́lẹ̀, àmọ́ ti tata yìí, ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀.

Ọmọ onílẹ̀ ni tata. Ewé tó ń gbè é lẹ́yìn ni àlejò. Ní 1937 ni wọ́n kó èso igi mẹ̀láínà wá sí Nàìjíríà láti Ceylon, tó di Sri Lanka lónìí. Èso ewé kan bá a wọlé láìsí ẹni tó mọ̀. Èso yẹn fúyẹ́, atẹ́gùn ń gbé e kiri, ó sì gba gúúsù kan. Nígbà tó kún ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn olórí Western Region ni wọ́n fi ń pè é: àwọn kan ní Awólọ́wọ̀, àwọn kan ní Akíntọ́lá.

Àwa náà ti gé igbó dúdú fún kòkó, fún pákó, fún oko. Ibi tó ṣófo, Akíntọ́lá ló hù síbẹ̀, tata sì rí ilé.

Láàárín 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀ n'Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, àwọn abo máa ń kóra jọ sójú kan lábẹ́ ìgbẹ́ tó ní òjìji, wọ́n á yé sínú ilẹ̀. Ẹyin náà kì í pa títí di bí oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná owó sórí oògùn, ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n ti ń yé. Bí wọ́n bá lọ tán, ẹ fi ọkọ́ hú u síta kí oòrùn pa ẹyin náà. Ojú kan péré lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Ẹ má dá a ṣe o, tata ò mọ ààlà. Ẹ̀yin tí oko yín pààlà, ẹ jọ ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà wa, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí ewé yìí lóko yín?