Géèmù Tí A Kọ́ Sórí Ilẹ̀ Onílẹ̀: Ìtàn Gamsole àti Maliyo

Bí ẹ bá wà nínú dáńfó ní Ìyànà Ìbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti mú yín mọ́lẹ̀, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní á bá yín dé ilé.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ládùúgbò wa ní Okokomaiko. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, PlayStation 2 mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. O máa sanwó, wọ́n á ka ìṣẹ́jú fún ẹ. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á gbá bọ́ọ̀lù wọn. Àwa yòókù á jókòó ti GTA San Andreas, a ó máa jí mọ́tò, a ó máa sá fún ọlọ́pàá. Ọjà Àlàbá ni CD rẹ̀ ti wá, kò jìnnà sí wa, ojúlówó kọ́ sì ni. Gbogbo wa la gbà pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe géèmù náà. Ta ló fẹ́ jiyàn? Ṣebí bí ará Los Angeles ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé ìlú Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Rockstar North ni ilé-iṣẹ́ náà, 2004 ni géèmù yẹn jáde. Ṣùgbọ́n DMA Design ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, ìlú Dundee ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ láyé 1980. Dundee kì í ṣe London o. Ìlú kékeré ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Timex, tó ń to kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò wọ́n pọ̀, tí wọ́n ń pè ní ZX Spectrum. David Jones tó dá DMA sílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Timex rí. Nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọ́n fún un ló fi ra kọ̀ǹpútà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ géèmù.

Ọmọ tí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di dandan kó tú u wò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi ara mi léèrè pé ẹ̀rọ wo ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiwa. Kọ̀ǹpútà kọ́. Fóònù ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Abiọ́lá Ọláníran ń kàwé ní OAU nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Imagine Cup tí Microsoft ṣe ní Warsaw, Poland, ní 2010. Ní 2012 ó dá Gamsole sílẹ̀. Àwọn olùdókòwò 88mph ní Nairobi fi owó díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ibi tó wá gbé ọjà rẹ̀ sí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí: orí Windows Phone ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé, ẹ rántí Nokia Lumia, aláwọ̀ mèremère yẹn, tí ojú rẹ̀ kún fún àpótí kéékèèké. Lónìí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ní 2012 ọgbọ́n ló wà nínú rẹ̀. Ọjà Apple àti ọjà Android ti kún dẹ́nu. Bí o bá gbé géèmù tuntun síbẹ̀, àfi kó o lówó ìpolówó kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ọjà Windows Phone ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ẹ rò ó bíi ti ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó: kò sí ẹni tó ń wọlé tí kò ní rí i.

Ó sì bọ́ sí i. Wọ́n ṣe Gidi Run, wọ́n ṣe Monster Ninja, àti àwọn mìíràn. Nígbà tó fi di 2014, iye ìgbà tí àwọn èèyàn ti gba géèmù Gamsole sórí fóònù ti lé ní mílíọ̀nù 9. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án! Ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí ní Nàìjíríà rárá. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n wà. Ẹ ò rí i pé ohun tí San Andreas ṣe fún wa ní Okokomaiko ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ náà ṣe fún ẹlòmíràn: ẹnì kan ń gbá géèmù wọn níbi tó jìnnà, kò sì mọ ìlú tó ti wá.

Lẹ́yìn náà ni onílẹ̀ yí ọkàn padà. Microsoft ra ẹ̀ka fóònù Nokia tán ní 2014. Ní 2015 wọ́n kéde pé bílíọ̀nù dọ́là 7.6 ti wọmi nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró. Ní 2017 wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn kò ní fi ohun tuntun kún Windows Phone mọ́. Nígbà tí 2019 fi máa parí, wọ́n ti ti ọjà Windows Phone 8.1 pa. Kò sí ohun tí Gamsole ṣe tí kò dáa nínú gbogbo rẹ̀. Ọjà ni wọ́n wó.

Maliyo ńkọ́? Ọdún kan náà, 2012, ni Hugo Obi tó ti gbé ní UK padà wá dá a sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn kò kọ́kọ́ lọ sórí fóònù. Orí ìkànnì ni wọ́n gbé géèmù tiwọn sí, kí ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe Mosquito Smasher, pé kó o máa pa ẹ̀fọn (èyí tí àwa ará Ọ̀jọ́ ń ṣe lálaalẹ́ láìsí géèmù). Wọ́n ṣe Okada Ride. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé òfin ìrìnnà jáde tó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì ńlá, nítorí náà orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti lè fi ẹ sílẹ̀ kó o fò ó.

Ibẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tó le. Flash ni ọ̀pọ̀ jù lọ géèmù orí ìkànnì ń lò nígbà yẹn, Adobe sì pa Flash ní òpin 2020. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, Maliyo ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sórí fóònù. Wọ́n tún ṣe ohun kan tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju géèmù kankan lọ: wọ́n dá ètò GameUp Africa sílẹ̀, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn Google, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù. Ọjà lè wó, kò sí ẹni tó lè wó ohun tó ti wọ orí èèyàn.

Ní Oṣù Kejì 2024 ni Disney gbé Iwájú jáde, eré àwòrán tó fi Èkó ọjọ́ iwájú hàn, tí àwọn Kugali tó fi London ṣe ibùjókòó bá wọn ṣe. Kugali yìí ló sọ fún BBC ní 2019 pé àwọn máa na Disney bí ẹni na kíkú, Disney gbọ́, ó sì pè wọ́n. Géèmù tó tẹ̀ lé eré náà, Iwájú: Rising Chef, Maliyo ló ṣe é. Inú ilé ìdáná ni o máa wà, o máa se oúnjẹ wa fún oníbàárà.

Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi: Disney ló ni orúkọ yẹn, Disney ló ni Tọlá tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó tó, ó ti tó nìyẹn. Kódà géèmù tó jẹ́ tiwa pátápátá, orí Play Store la ṣì máa gbé e sí, Google á sì gba ìdá 15 nínú 100 lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tó o bá pa lọ́dún. Owó ìpolówó tí wọ́n ń san lórí ojú ẹni tó wà ní Okokomaiko kò sì tó ti ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí Gamsole fi nílò àwọn ará òkèèrè, tí Maliyo náà sì ń wojú wọn.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa ti di ibi POS báyìí. Mo yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ń gbá géèmù lórí Tecno rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé owó mi. Mo bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ṣe géèmù yìí?" Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. San Andreas ti 2004, mo ṣì lè rí i rà lónìí. Gidi Run ti orí Windows Phone, ọjà tó wà ti wó mọ́ ọn lórí. Bí Lumia àtijọ́ bá wà nínú dúróọ̀ màmá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín, tó sì ṣì ń gba iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì tẹ ohunkóhun tó lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ tàn án. Bí ẹ bá rí Gidi Run níbẹ̀, ẹ gbá a, kí ẹlòmíràn fi fóònù tirẹ̀ ya fídíò ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ètò yìí.